Báwo la ṣe máa wọn ìrọ̀rùn àdúgbò tí èrò kún fọ́fọ́ ní Nyanya?

Akọ̀wé Àdúgbò:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé wa ní Nyanya, l'Abuja, fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ lórí omi, gọ́tà àti ilé ìgbẹ́. Ìwé tó ní nọ́ńbà nínú la fẹ́, kí wọ́n má baà ní ariwo lásán là ń pa. Àwa mẹ́fà la máa ṣe é. Fóònù àti téèpù nìkan ló wà lọ́wọ́. Kí la máa wọ̀n? Àwọn kan sì ń sọ pé èrò tó pọ̀ jù ni ìṣòro wa. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Awọnlẹ̀ Kubwa:
Rárá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn pa yín lẹ́nu mọ́. UN-Habitat, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ìlú àti ilé gbígbé, fúnra rẹ̀ dámọ̀ràn ó kéré tán ènìyàn 150 lórí hẹ́kítà kan, torí ibi tí ilé bá ti sún mọ́ra ni páìpù omi àti ọkọ̀ èrò ti ń pa owó wọn. Ohun tó ń pani lára ni kí ènìyàn tó ju 3 lọ máa sùn nínú yàrá kan. Ibẹ̀ ni yírùnyírùn ti ń ràn kíá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: iye ènìyàn lórí hẹ́kítà, àti iye tó ń sùn nínú yàrá.

Ẹ fi Google Earth fa ààlà àdúgbò, yóò sọ iye hẹ́kítà rẹ̀. Ẹ wá máa yà sí ilé kẹwàá-kẹwàá. Ìbò ni kí ẹ fi mú ilé àkọ́kọ́ láàárín 1 sí 10. Ilé tí ẹ bá bá ní títì, ẹ padà lọ ní alẹ́. Ẹ má fi ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rọ́pò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn tó ń wọ ìlú lọ ṣiṣẹ́ lẹ máa fò dá. Ayálégbé ni kí ẹ bi, kì í ṣe lánlọ́ọ̀dù: “Ènìyàn mélòó ló sùn nínú yàrá yìí lánàá?” Bí ẹ bá béèrè iye ẹbí, wọn ò ní ka ọmọ iṣẹ́ àti ìbátan tó wá wáṣẹ́ mọ́ ọn. Ẹ kọ ọ́ báyìí: nínú yàrá 100, mélòó ló ju ènìyàn 3 lọ? Ìpíndọ́gba máa ń bo ìyà mọ́lẹ̀.

Wolé-wolé Karu:
Ẹ kú làákàyè. Lórí omi, ẹ má béèrè lítà, kẹ́ẹ̀gì ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì wò ó bóyá 20 ni tàbí 25. Ẹ pín in fún àwọn tó sùn nílé. Lítà 50 sí 100 fún ẹnì kan lójúmọ́ ló yẹ. Bí àlọ, ìtò àti àbọ̀ bá ju ìṣẹ́jú 30 lọ, ó ti jábọ́ nínú ìwọ̀n WHO àti UNICEF. Ẹ wọ̀n ọ́n ní oṣù kẹta, nígbà tí kànga ń gbẹ tí owó máírúwà (àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ta omi) ń gòkè, kí ẹ tún un wọ̀n ní oṣù kẹjọ.

Ṣalángá gbọ́dọ̀ jìnnà sí kànga tó mítà 30. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń kùnà nìyí: ilẹ̀ 50 lọ́nà 100 ẹsẹ̀ bàtà kò ju mítà 15 lọ́nà 30 lọ, nítorí náà sóòkàwéè tó wà lẹ́yìn ògiri aládùúgbò lè sún mọ́ kànga ju ti inú ọgbà lọ. Ẹ wọ̀n kọjá ògiri. Ẹ lè fi ìgò àyẹ̀wò H2S dán omi wò: bó bá dúdú láàárín wákàtí 48, ó ṣeé ṣe kí ìgbẹ́ ti kàn án. Bí kò bá dúdú, ìyẹn ò sọ pé kò sí kẹ́míkà nínú rẹ̀ o.

Ẹ ka iye ènìyàn tó ń lo ilé ìgbẹ́ kan. Àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé pàápàá, 20 ni òdiwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀. Bí tiyín bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ fi ṣáájú ìwé yín.

Mararaba Lókè:
Ẹ wọn ọ̀nà náà: láti ilé, kò yẹ kó ju mítà 500 lọ dé ibùdó ọkọ̀, tàbí 400 dé gbàgede tí ọmọdé lè ṣeré. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi rìn ín. Ìlà tààrà orí fóònù kì í rí ògiri àti títì márosẹ̀. Bí ẹ bá kọjá sí Mararaba, ẹ ya ìwé rẹ̀ sọ́tọ̀: ìpínlẹ̀ Nasarawa nìyẹn, AMAC (ìjọba ìbílẹ̀ tó ni Nyanya) ò ní dáhùn.

Akọ̀wé Àdúgbò:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ilé wa tó 600. Ṣé 60 tó?

Awọnlẹ̀ Kubwa:
Pẹ̀lú 60, èsì lè yẹ̀ ní bíi 13 nínú 100 sókè tàbí sísàlẹ̀. Ẹ máa yà sí ilé kẹfà-kẹfà kó di 100 (ìbò ilé àkọ́kọ́ á wá jẹ́ láàárín 1 sí 6), yíyẹ̀ náà yóò sún mọ́ 10. Yàrá kan péré ni kí ẹ fi ìbò mú nínú ilé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ iye yàrá ilé náà sílẹ̀. Nígbà ìṣirò, yàrá tí ẹ mú nínú ilé oníyàrá 12 gbọ́dọ̀ dúró fún 12, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn ilé fésì-mí-mo-fésì-ẹ tí èrò pọ̀ sí jù máa pòórá nínú èsì yín.