Oní-họ́ọ̀stì ò gbé fóònù mọ́, dóméènì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀

Atúnsáìtì-ṣe, Yábàá:
Màámi, ẹ ní ọmọkùnrin tó ń bá yín gbé sáìtì ṣọ́ọ̀bù aṣọ yín sórí sáfà ò gbé fóònù mọ́, ẹ sì ní "ó ti jí dóméènì wa". Ẹ jẹ́ ká fi sùúrù mú un. Sáfà (kọ̀ǹpútà tí fáìlì sáìtì yín wà lórí ẹ̀) lọ́tọ̀, dóméènì (orúkọ tí wọ́n ń tẹ̀ láti dé sáìtì yín) lọ́tọ̀. Sáfà lè kú kí dóméènì ṣì máa mí. Púpọ̀ nínú àwọn oní-họ́ọ̀stì tó wà láti Ìkẹjà dé Lẹ́kí, alátúntà ni wọ́n: ọjà ẹlòmíràn ni wọ́n ń tà. Ẹ fi wé ọ̀rọ̀ ilẹ̀: agẹ́ǹtì ló mú yín débẹ̀, òun ló gbowó, ṣùgbọ́n Aláúsá ni àkọsílẹ̀ wà. Aláúsá ti dóméènì ni registrar, ilé-iṣẹ́ tó ń forúkọ dóméènì sílẹ̀, ẹ sì lè kọjá lórí agẹ́ǹtì lọ bá a.

Ẹ ṣí lookup.icann.org, ẹ tẹ dóméènì sí i. Bó bá jẹ́ .ng tàbí .com.ng, whois (ojú ìwé ìwádìí) ti NiRA, àjọ tó ń bójú tó .ng, ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ da orúkọ registrar kọ, ọjọ́ tó máa parí, Name Server (sáfà tó ń dáhùn fún dóméènì náà), àti Status (ipò tó wà). Orúkọ yín lè má hàn níbẹ̀ o. Láti 2018 ni wọ́n ti ń bo orúkọ oníǹkan mọ́lẹ̀, ẹ má torí ẹ̀ fòyà.

Status gan-an ni mo máa ń tẹjú mọ́. Bẹ́ ẹ bá rí clientTransferProhibited, àgádágodo lásán ni, registrar lè ṣí i. clientHold túmọ̀ sí pé registrar ti dá a dúró. Ó sábà máa ń jẹ́ owó, tàbí ímeèlì ìfìdímúlẹ̀ tẹ́nì kan ò tẹ̀. Bó bá jẹ́ .com tó ti di redemptionPeriod (àkókò ìgbàpadà lẹ́yìn tí registrar ti yọ ọ́), ọjọ́ 30 lẹ ní, owó ìgbàpadà sì máa ń ga ju owó ọdún kan lọ fíìfíì. Lẹ́yìn ìyẹn ni pendingDelete (ó ń dúró de ìparẹ́), ọjọ́ 5. Nínú ọjọ́ 5 yẹn, kò sẹ́ni tó lè dá a padà, registrar pàápàá ò lè ṣe é.

Registrar ni kẹ́ ẹ wá kọ ímeèlì sí. Ẹ má ròyìn ìjà: orúkọ dóméènì, ọjọ́ tí alátúntà wọn ti dákẹ́, àti pé ẹ fẹ́ kí wọ́n gbé e bọ́ sínú akáǹtì tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lọ́dọ̀ wọn. Ẹ so ìwé CAC mọ́ ọn, NIN tàbí páàsípọ́ọ̀tù, àti rìsíìtì tí orúkọ dóméènì hàn lára ẹ̀. Alert báńkì nìkan ò tó, torí "web 45k" ò sọ nǹkan kan fún ẹni tó jókòó sí Amẹ́ríkà.

Oníṣòwò, Balógun:
Ẹ̀gbọ́n, bó bá jẹ́ orúkọ ọmọkùnrin yẹn ló wà nínú àkọsílẹ̀ ńkọ́? Ímeèlì ẹ̀ náà ló sì fi sí i.

Ẹlòmíràn, Súrùlérè:
Ibẹ̀ ló ti ń le, màámi. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ ni registrar mọ̀. ICANN, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ dóméènì lágbàáyé, kì í dá ẹjọ́ ta ló ni ín. Registrar tó bá rú òfin ni wọ́n ń mú. Bí àpẹẹrẹ, bí oníǹkan bá béèrè auth code (ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń gbé dóméènì lọ sí registrar mìíràn), ọjọ́ 5 ni registrar ní láti fi fún un. UDRP, ìlànà ẹjọ́ dóméènì, wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n WIPO, àjọ àgbáyé kan tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ń gba 1,500 dọ́là fún dóméènì 1 sí 5 lọ́dọ̀ adájọ́ kan, lára ohun tẹ́ ẹ sì gbọ́dọ̀ fi hàn ni pé ẹ ní orúkọ òwò náà (trademark) àti pé èrò ibi ló fi gbà á. Ká sọ òtítọ́, fún ṣọ́ọ̀bù aṣọ, lẹ́tà lọ́yà kan àti ẹni tó mọ ilé ìyá ọmọ náà yára jù ú lọ.

Atúnsáìtì-ṣe, Yábàá:
Òótọ́ ni. Bó bá wá jẹ́ orúkọ yín ni, ẹ má sáré yí ímeèlì inú àkọsílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sí registrar mìíràn. Lórí .com, ìyípadà yẹn lè ti dóméènì pa fún ọjọ́ 60. Ṣíṣí akáǹtì lọ́dọ̀ registrar kan náà ò ní wàhálà yẹn, ìdí tí mo fi ń dá a lábàá nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá gbọ́dọ̀ kó lọ, ẹ da auth code kọ pẹ̀lú copy, ẹ má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. O àti 0 ti jẹ ọ̀pọ̀ èèyàn níyà. Bí registrar tẹ́ ẹ ń kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀ bá dákẹ́, ọjọ́ 5 ló máa fi lọ fúnra ẹ̀, ọdún 1 á sì lé lórí .com náà.

Ẹ má sì fọwọ́ kan Name Server kẹ́ ẹ tó da àwọn ìlà DNS (àkọsílẹ̀ tó ń sọ ibi tí sáìtì àti ímeèlì yín wà) kọ. Níbi tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí lórí kọ̀ǹpútà (terminal), ẹ tẹ "dig orúkọ-dóméènì MX"; MX ni ìlà ímeèlì. Ohun tó máa jáde ni nọ́ńbà kan, bí 10, àti orúkọ sáfà ímeèlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀; èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ kéré jù ni wọ́n kọ́kọ́ ń lọ bá. Ẹ ṣe A (ibi tí sáìtì wà) àti TXT (àwọn ìlà ìfìdímúlẹ̀) bákan náà. Bẹ́ ẹ bá gbàgbé MX, sáìtì á ṣí, ẹ ó máa yọ̀, ímeèlì tí oníbàárà fi ń béèrè ọjà á sì máa padà sọ́dọ̀ wọn.

Oníṣòwò, Balógun:
Ímeèlì ọdún tó kọjá ńkọ́?

Atúnsáìtì-ṣe, Yábàá:
Bí sáfà bá ṣì ń jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé, ẹ lo IMAP (ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka ímeèlì tó wà lórí sáfà) nínú áàpù ímeèlì Thunderbird, kẹ́ ẹ fà wọ́n sórí kọ̀ǹpútà yín lálẹ́ òní. Ojú ìwé sáìtì àti àwọn àwòrán kan lè wà ní web.archive.org, ibi tí wọ́n ń kó ẹ̀dà àtijọ́ sáìtì pamọ́. Ímeèlì ò sí níbẹ̀.