Kí ni kí n sọ fún màmá wa?

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Jàǹbá ọkọ̀ pa àbúrò mi lójú ọ̀nà Kàbà sí Ọbajana, níbi táwọn ọkọ̀ àjàgbé ti gba gbogbo títì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ àgùnbánirọ̀ ni. Bàtà rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, màmá wa ń nù ún láràárọ̀. Wọn ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Táwọn ará ìjọ bá ní “Ọlọ́run ló mọ̀ jù”, inú ń bí wọn, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Jóòbù náà béèrè. Ọlọ́run dá a lóhùn, àmọ́ kò sọ ìdí táwọn ọmọ rẹ̀ fi kú. Èmi ṣì gbẹ́kẹ̀ lé E, láìrí ìdáhùn.

Ẹ̀yin tírú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n máa rọ̀ wọ́n kí wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, àbí kí n kàn jókòó tì wọ́n? Pásítọ̀ fẹ́ wá kí wọn ní Sátidé.