Ooru Oṣù Kejì: Ṣé Òtútù Ti Lọ Ni, àbí Ó Ń Padà Bọ̀?

Ìyá Ìbejì, Chicago

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá ni èmi àti ìdílé mi dé ìlú yìí, òtútù tí wọ́n sì fi ń dẹ́rù bà wá láti ilé kì í ṣe irọ́ rárá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ni oòrùn ti mú, yìnyín ẹ̀yìnkùlé ti yọ́ tán, àwọn ọmọ sì ń sáré kiri nínú síńgílẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ pa ẹ̀rọ amúlégbóná nítorí owó gáàsì, kí n kó kóòtù sínú àpótí, kí n sì gbé ike ewédú tí mo gbìn sójú fèrèsé lọ síta. Bàbá wọn ní kí n kọ́kọ́ bi àwọn tó ti pẹ́ níbí. Ṣé òtútù ti lọ nìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n Naperville

Ìyá Ìbejì, ẹ káàbọ̀. Ẹ bá wa kí bàbá wọn, nítorí ìbéèrè náà bọ́ sí àkókò. Òtútù kò tíì lọ.

Ọjọ́ tí mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àlejò ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 oṣù kejì ọdún 2024. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìwọ̀n ooru ní pápákọ̀ òfurufú O'Hare gun orí 74 ní Fahrenheit, ìyẹn lé díẹ̀ ní 23 ní Celsius, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 40 Fahrenheit ni a máa ń rí ní àsìkò náà. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, àrá bẹ̀rẹ̀ sí í sán, ìjì tornado, ìyẹn ìjì líle tó ń yí bírípo, sì jà ní àwọn ìlú kéékèèké tó yí Chicago ká. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ìwọ̀n ooru ti já wálẹ̀ kọjá 32, níbi tí omi ti ń dì. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí wà lára àwọn tó wọ bùbá lásán lọ síbi iṣẹ́ òru, gbígbọ̀n ni mo sì gbọ̀n délé.

Ohun tó ń fà á kò fara sin. Lókè réré, níbi tí àwọn ọkọ̀ òfurufú ńláńlá ń gbà, afẹ́fẹ́ alágbára kan wà tó ń ṣàn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, òun ló sì dà bí ààlà láàárín afẹ́fẹ́ tútù ti Kánádà àti afẹ́fẹ́ gbígbóná ti gúúsù. Bí ààlà náà bá tẹ̀ gba ìhà àríwá, atẹ́gùn Gulf of Mexico rí ọ̀nà nìyẹn, yóò sì gbé ooru àti ọ̀rinrin wá bá wa. Tí kò bá sí yìnyín nílẹ̀ tí oòrùn yóò kọ́kọ́ yọ́, gbogbo agbára rẹ̀ ni yóò fi mú ilẹ̀ gbóná. Ṣùgbọ́n ààlà náà kì í dúró lójú kan. Nígbà tó bá yí padà, afẹ́fẹ́ Kánádà á ya wọlé, á gba abẹ́ èyí tó gbóná, á sì tì í sókè. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni ìjì ti ń bẹ́ sílẹ̀. Àwa tí a dàgbà nílé mọ ohun tó jọ ọ́, ìyẹn òjò àkọ́rọ̀ tó máa ń ṣí òrùlé ní oṣù kẹta nígbà tí atẹ́gùn òkun bá ń lé ọyẹ́ padà sí àríwá. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nílé, ọyẹ́ ló ń sá. Níbí, òtútù ló ń padà wá gba ilé rẹ̀.

Oníṣẹ́ Páìpù, Milwaukee

Ẹ jẹ́ kí n fi ti iṣẹ́ mi kún un. Ẹ lè dín ẹ̀rọ náà kù, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó lọ sí ìsàlẹ̀ 55 Fahrenheit, pàápàá bí ẹ kò bá ní sí nílé. Páìpù tó gba inú ògiri ìta ló máa ń tètè dì. Omi tó bá dì máa ń fẹ̀, á bẹ́ páìpù, ẹ kò sì ní mọ̀ àfi ìgbà tó bá yọ́ tí omi ń ya sínú ilé. Mo ti bá onílé kan kó ẹrù jáde nínú bésímẹ́ǹtì, ìyẹn yàrá abẹ́ ilé, tí omi mù dé orúnkún, gáàsì ọ̀sẹ̀ kan péré ló fẹ́ ṣọ́ná.

Yíyọ́ yìnyín gan-an tún ní ewu tirẹ̀. Òkè ilẹ̀ á ti rọ̀, ìsàlẹ̀ á ṣì dì gbagidi, omi kò ní rí ibi wọ̀, ẹ̀gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ni yóò sì gbà. Bí ilé yín bá ní pọ́ǹpù tó ń fa omi kúrò nínú kòtò bésímẹ́ǹtì, ẹ da garawa omi kan sínú kòtò náà lónìí kí ẹ wò ó bóyá yóò ṣiṣẹ́. Ẹ má sì tìtorí ooru bu omi lásán sínú ike omi tí ọkọ̀ fi ń fọ gíláàsì o; alẹ́ ọjọ́ kan ni yóò fi dì.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Grand Rapids

Ewédú kẹ̀! Ẹ gbé e wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní oṣù kẹta ọdún 2012, irú ooru yìí dé, kò sì lọ bọ̀rọ̀. Chicago rí ọjọ́ mẹ́jọ tí ìwọ̀n ooru fi dé 80 tàbí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Pellston, tó wà ní àríwá Michigan níbí, ó dé 85 ní ọjọ́ 22 oṣù náà. Àwọn igi ápù àti igi ṣẹ́rì rú òdòdó ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣáájú àkókò wọn. Nígbà tí oṣù kẹrin dé, òtútù òru pa òdòdó náà, nǹkan bí 9 nínú 10 irè ápù ìpínlẹ̀ wa ló sì ṣòfò lọ́dún náà. Àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn kò ṣe àṣìṣe, igi kò ṣeé bẹ̀ pé kó dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ní ike lọ́wọ́ lẹ lè dúró.

Ewédú àti ilá kò fẹ́ ilẹ̀ tútù rárá. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ láàárọ̀. Bó bá ń ta yín ní òtútù, kò tíì yá. Ààrin oṣù karùn-ún lèmi máa ń gbé tèmi jáde. Títí dìgbà náà, bí ọ̀sán bá móoru, ẹ lè gbé ike náà síta fún wákàtí méjì kó gba oòrùn.

Àbúrò Amarillo

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa ní Texas, iná ni ọ̀sẹ̀ tí Ẹ̀gbọ́n Naperville sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn gbé wá. Koríko ti gbẹ, ooru mú, atẹ́gùn ń fẹ́. Iná Smokehouse Creek bẹ̀rẹ̀ ní 26 oṣù kejì ọdún 2024, nígbà tí afẹ́fẹ́ tútù sì dé lọ́jọ́ kejì, ó yí ojú iná náà padà sí gúúsù. Ó jó ilẹ̀ tó ju mílíọ̀nù kan éékà lọ, kò sì sí iná ìgbẹ́ tó tóbi tó o nínú àkọsílẹ̀ ìpínlẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sun ewé ẹ̀yìnkùlé tàbí kí ẹ dáná ṣúyà nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Chicago

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ewédú ti wọlé, kóòtù ṣì wà lára ìkọ́, mo sì fi ẹ̀rọ náà sí 64. Mo da omi sínú kòtò bésímẹ́ǹtì, pọ́ǹpù náà kò mira, a sì ti pe onílé. Ó ku ìbéèrè kan. Nígbà tí oṣù yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, fèrè ńlá kan dún ládùúgbò láàárọ̀, kò sì sí ẹni tó sá. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ òótọ́?

Ẹ̀gbọ́n Naperville

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ni wọ́n máa ń dán fèrè náà wò. Ọjọ́ 27 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, Ìṣẹ́gun lòun náà, ṣùgbọ́n ó jẹ́ èyí tó kẹ́yìn nínú oṣù. Aládùúgbò mi kan jókòó ti tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, ó ní ìdánwò ni. Bó bá dún nígbà mìíràn, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí bésímẹ́ǹtì, ẹ má dúró wo ojú ọ̀run. Lórí fóònù yín, "tornado watch" ń sọ pé ojú ọjọ́ ti rí bí èyí tó lè bí ìjì náà, kí ẹ wà ní ìmúrasílẹ̀. "Tornado warning" ń sọ pé wọ́n ti rí i, tàbí pé ẹ̀rọ rédà ti fi hàn, kí ẹ wọ ìsàlẹ̀ lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìròyìn ojú ọjọ́ ní atẹ́gùn yóò yí lálẹ́ ọ̀la. Ẹ ti kó bàtà àwọn ìbejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn kí ẹ tó sùn.