Eré Tí Mo Sá Tí Bọ́ọ̀lù Kò Dé Ọ̀dọ̀ Mi

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi wọ nọ́ńbà 9. Nínú ọdún mẹ́jọ náà, márùn-ún àkọ́kọ́ ni mo fi gbàgbọ́ pé iṣẹ́ ẹni tó ń gbá iwájú ni kí ó dúró sí ẹnu góòlù, kí ó máa retí bọ́ọ̀lù. Mo lágbára, mo sì mọ bí wọ́n ti ń fi orí kan bọ́ọ̀lù, nítorí náà góòlù ń wọlé dáadáa bí àwọn tí a ń bá gbá bá jáde wá bá wa. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú ni ìgbà tí a bá pàdé ẹgbẹ́ tó kó ènìyàn mẹ́wàá sẹ́yìn, tí wọ́n tò ní ìlà méjì, tí wọn kò sì ní in lọ́kàn láti jáde. A óò máa gbé bọ́ọ̀lù láti ọ̀tún lọ sí òsì, láti òsì lọ sí ọ̀tún, títí àkókò yóò fi tán. Ní sáà kan, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin léraléra ni a gbá bẹ́ẹ̀ láìrí góòlù kan ṣoṣo.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá wa kò bá mi wí. Ní ọjọ́ ìgbáradì tó tẹ̀ lé e, ó pe ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn fún wa pé kí ó ṣọ́ mi, ó sì fún ẹlòmíràn ní bọ́ọ̀lù ní ẹ̀gbẹ́ pápá. Mo dúró síwájú ọ̀gbẹ́ni náà bí mo ṣe máa ń ṣe. Akọ́nimọ̀ọ́gbá bi í pé, "Kí lo ń rí?" Ó dáhùn pé òun ń rí bọ́ọ̀lù, òun sì ń rí mi, òun kò tilẹ̀ ní láti yí ọrùn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wá fà mí lápá lọ sẹ́yìn èjìká rẹ̀, ìgbésẹ̀ méjì péré, ó tún bi í ní ìbéèrè kan náà. Ọ̀gbẹ́ni yìí wo bọ́ọ̀lù, ó yí orí wò mí, ó tún yára wo bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kí ojú rẹ̀ tó padà dé ọ̀dọ̀ mi, mo ti sá kọjá níwájú rẹ̀. Ó ní, "Èmi kò lè wo ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà." Ọdún mẹ́ta ni a ti jọ ń gbá bọ́ọ̀lù, n kò mọ̀ pé ìgbésẹ̀ méjì ni mo nílò láti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí mo ṣe máa kọ́kọ́ sún síhà bọ́ọ̀lù bí ẹni tó fẹ́ gbà á sí ẹsẹ̀, kí ẹni tó ń ṣọ́ mi tẹ̀ lé mi, kí n tó wá yí bìrí gba ẹ̀yìn rẹ̀. Àkókò ṣe pàtàkì níbẹ̀ ju eré sísá lọ, nítorí pé ìgbà tí ẹni tó ń fúnni ní páàsì bá fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù ni òfin ọfúsáìdì ń wò, òfin tí kò gbà kí ẹni tí a fẹ́ fún ní bọ́ọ̀lù ti kọjá àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn fún ẹgbẹ́ kejì. Bí mo bá sá lọ tààrà, mo ti wà lẹ́yìn gbogbo wọn kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo wá ń sá gba ẹ̀gbẹ́ ìlà wọn títí n óò fi rí i tí ó tẹ orí ba láti gbá bọ́ọ̀lù. Orí tó tẹ̀ ba yẹn ni àmì tí mo ń dúró dè. Ní ti bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá fi ọwọ́ jù wọ pápá, ọfúsáìdì kò sí níbẹ̀ rárá, ó sì yà mí lẹ́nu bí àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn ṣe máa ń gbàgbé èyí.

Èyí tó nira fún mi jù ni eré tí bọ́ọ̀lù kò ní bá mi. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan tí a ti ń gbá òdo sí òdo di àádọ́rin ìṣẹ́jú, ẹni tó ń gbá apá ọ̀tún fún wa gbé bọ́ọ̀lù dé ìlà ìparí pápá. Mo fi gbogbo agbára mi sá lọ síbi òpó tó sún mọ́ ọn, àwọn méjèèjì tó ń gbá àárín ẹ̀yìn sì gbá tẹ̀ lé mi. Ó yí bọ́ọ̀lù padà sẹ́yìn, síbi tí wọ́n ti ń gbá pẹ́nálítì, níbi tí ẹni tó ń gbá àárín fún wa ti dá dúró, ó sì gbá a wọlé. Gbogbo ẹgbẹ́ sá lọ dì mọ́ ọn, èmi ṣì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Ó dùn mí lọ́jọ́ náà.

Ìgbà tí mo wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m àti Jàpáànù ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2018 ni ọkàn mi tó balẹ̀. Jàpáànù ti kọ́kọ́ gbá méjì wọlé, Bẹ́ljíọ̀m sì dá méjèèjì padà. Ní ìṣẹ́jú 94, Courtois, aṣọ́lé Bẹ́ljíọ̀m, mú bọ́ọ̀lù kọ́nà tí Jàpáànù gbá, ó yí i sí De Bruyne, òun náà gbé e sáré la àárín pápá kọjá kí ó tó fún Meunier ní apá ọ̀tún. Lukaku, ẹni tó ń gbá iwájú fún Bẹ́ljíọ̀m, ni kí ẹ wò. Ó sá wọ inú, ó fa ẹni tó yẹ kó ṣọ́ Meunier kúrò ní ipò rẹ̀, nígbà tí bọ́ọ̀lù sì dé iwájú rẹ̀, ó jẹ́ kí ó kọjá sọ́dọ̀ Chadli, ẹni tó gbá a wọlé. Lukaku kò fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù náà rárá, síbẹ̀ èmi ka góòlù yẹn mọ́ tirẹ̀.

Ní ìdajì kejì sáà náà, a tún pàdé ẹgbẹ́ tí mo sá lọ síbi òpó níjọ́sí. Wọn kò gbàgbé. Bí bọ́ọ̀lù ti dé apá ọ̀tún, mo tún gbéra, mo sì gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn kígbe pé, "Má tẹ̀ lé e!" Irú ìdààmú bẹ́ẹ̀ ni Hidegkuti ti Họ́ngárì fi bá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley ní ọdún 1953, nígbà tó wọ nọ́ńbà 9 ṣùgbọ́n tó ń sún sẹ́yìn lọ sí àárín pápá: bí wọ́n tẹ̀ lé e, àlàfo ṣí sílẹ̀, bí wọ́n fi í sílẹ̀, ó dá bọ́ọ̀lù gbá. Òun nìkan gbá mẹ́ta wọlé nínú 6-3 ọjọ́ náà. Ẹni tó ń ṣọ́ mi dúró lóòótọ́, ó ń wo ẹ̀yìn fún ẹni tó ń gbá àárín. Bọ́ọ̀lù náà gba ilẹ̀ bọ̀ wá sí iwájú òpó, kò sí ẹnikẹ́ni láàárín èmi àti aṣọ́lé, mo sì fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tì í wọlé.