A mọ̀ ọ́n kọ, kí ló dé tí a kì í kọ ọ́? (requirements, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí oníbàárà fẹ́)

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Áàpù ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù la fẹ́ kọ: owó oṣooṣù, ẹ̀yáwó, ìpín èrè. Àwa márùn-ún, oṣù mẹ́ta. Gbogbo wa la ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣàkọsílẹ̀ ohun tí oníbàárà fẹ́, síbẹ̀ orí WhatsApp ni gbogbo rẹ̀ ń parí sí. Kí ló ń fà á?

Atúpalẹ̀ iṣẹ́: Kì í ṣe àìmọ̀. Ẹ wo ẹni tó ń làágùn àti ẹni tó ń jẹ èrè. Ẹni tó ń kọ àkọsílẹ̀ lónìí, ńṣe ló ń fi ọjọ́ ṣòfò lójú máníjà. Ẹni tí yóò tún áàpù náà ṣe lọ́dún tó ń bọ̀ ló máa jẹ̀gbádùn rẹ̀. Èyí tó tún burú jù ni pé wọ́n ti fẹnu kò sí owó àti ọjọ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́. Tí ìbéèrè bá wá hú iṣẹ́ tí kò sí nínú owó náà jáde, ta ló fẹ́ gbọ́? Ẹ ya ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ sọ́tọ̀, ẹ gba owó tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ tó dá iye ìyókù.

Adánwò sọ́fítíwià: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ìwé jàǹkànjàǹkàn ni ojútùú. FBI, àwọn ọlọ́pàá ìwádìí ti Amẹ́ríkà, fẹ́ kọ sọ́fítíwià kan tí wọ́n pè ní Virtual Case File láti máa tọ́jú fáìlì ẹjọ́ wọn. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ lé ní ojú ìwé 800. Ní 2005 wọ́n pa iṣẹ́ náà tì, owó tó lé ní mílíọ̀nù 100 dọ́là sì wọgbó. Bí sọ́fítíwià náà yóò ṣe rí lójú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kọ, nígbà tó yẹ kí wọ́n kọ ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe.

Ẹ mú gbólóhùn yìí: "Áàpù náà gbọ́dọ̀ yára." Báwo ni mo ṣe fẹ́ dán ìyẹn wò? Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Tí akápò bá tẹ nọ́mbà ọmọ ẹgbẹ́, iye owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 3, lórí fóònù tó ń lo 3G." Gbólóhùn tí ẹ kò bá lè kọ ìdánwò rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 10, ẹ dá a padà.

Abéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Alága ẹgbẹ́ nìkan ló ń bá wa sọ̀rọ̀. Ṣé ó tó?

Atúpalẹ̀ iṣẹ́: Kò tó rárá! Ọwọ́ akápò ni ìwé wà. Ẹ jókòó tì í lọ́jọ́ ìpàdé, kí ẹ sì yẹ lẹ́jà rẹ̀ wò. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí ẹni tó san ìdajì owó, ẹni tó ṣe onídùúró fún èèyàn mẹ́ta, olóògbé tí wọn ò tíì pín owó rẹ̀. Tí òfin wọn bá ní ẹ̀yáwó kò gbọdọ̀ ju ìlọ́po méjì owó tí èèyàn ní, ẹ bi wọ́n: owó tòní ni, àbí ti ìparí oṣù tó kọjá? Ìdáhùn yẹn nìkan lè da dátábéèsì yín (ibi tí áàpù ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sí) rú tó bá pẹ́ kó tó dé.

Adánwò sọ́fítíwià: Ẹ má lé WhatsApp lọ o, oníbàárà ò ní tẹ̀ lé yín. Lálaalẹ́, kí ẹnì kan kó ohun tí wọ́n sọ sínú Excel kan ṣoṣo: nọ́mbà, gbólóhùn, ẹni tó sọ ọ́, ọjọ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sí alága kó dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni". Tó bá yí ọ̀rọ̀ padà, ẹ má pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ẹ fún tuntun ní nọ́mbà tirẹ̀, kí ẹ kọ iye ọjọ́ tí yóò gbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.