Ohun ìṣeré onígi fún ọmọ ọdún 3: kí ló dé tí wọ́n fi ń fi ìkúùkù mú un?

Káfíńtà Ìgbógbó:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Káfíńtà ni mí n'Ígbógbó níbí ní Ìkòròdú, ilẹ̀kùn àti bẹ́ẹ̀dì ni mò ń kàn tẹ́lẹ̀ kí àǹtí kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ nọ́sìrì tó wá bá mi pé kí n bá òun ṣe ohun ìṣeré tó máa jẹ́ kí ìka wọn mọ iṣẹ́, torí wọn ò lè mú pẹ́ńsù dáadáa. Mo gbẹ́ ihò roboto àti onígun mẹ́ta sínú pákó arère, mo gé èyí tó máa wọ ihò kọ̀ọ̀kan, mo wá kan ọwọ́ sórí wọn tí wọ́n á fi máa gbé e. Ọwọ́ yẹn nípọn tó ọrùn ìgò mínírà, mo rò pé ó máa rọ̀ wọ́n lọ́rùn ni. Ìgbà tí mo lọ wò wọ́n, ìkúùkù ni gbogbo wọn fi ń mú un bí ẹni mú ọmọ odó, wọ́n kàn ń gbá a mọ́lẹ̀. Ó dùn mí gan-an, ọjọ́ 6 ni mo fi ṣe é. Níbo ni mo ti ṣì í?

Àǹtí Nọ́sìrì Ẹ̀pẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ ọ̀gá. Ọwọ́ tẹ́ ẹ kàn sí i yẹn ló nípọn jù. Ẹ jẹ́ kó tínrín bíi pẹ́ńsù kó sì kúrú, débi pé àtàǹpàkò, ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín nìkan ló máa ráyè. Maria Montessori, dókítà ará Ítálì tó ṣí ilé àwọn ọmọdé ní Róòmù lọ́dún 1907, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe lo igi roboto 10 lórí pákó kan, ọwọ́ kékeré lórí ìkọ̀ọ̀kan, ọmọ á rò pé ihò tó bá igi mu lòun ń wá, àṣé ìka tó máa fi mú pẹ́ńsù ló ń kọ́. Ẹ sì bá mi bẹ àǹtí yẹn kó rọra o. Egungun 8 ló wà ní ọrùn ọwọ́ àgbàlagbà, ti ọmọ ọdún 3 ò tíì le tán, kí ọmọ ọjọ́ orí yẹn ṣì máa fi ìkúùkù mú pẹ́ńsù kì í ṣe àìsàn.

Ìyá Ìbejì, Àgbádárìgì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo bó ṣe tóbi sí o. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi ki ọmọ ayò bọ imú nígbà kan, gbogbo ara mi ló ń gbọ̀n lọ́jọ́ yẹn. L'Amẹ́ríkà wọ́n ní kóòpù kan tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, fífẹ̀ inú ẹ̀ jẹ́ mílímítà 31.7, ohunkóhun tó bá wọ inú ẹ̀ tán, kò gbọ́dọ̀ sí nínú ohun ìṣeré ọmọ tí ò tíì pé ọdún 3. Torí náà ẹ má fi ìṣó lásán kan ọwọ́ yẹn, ẹ lu ihò, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdí ọwọ́ náà mọ́ inú ihò yẹn, kẹ́ ẹ wá fi gbogbo agbára fà á wò. Èmi, igbá àgbọn ni mò ń gé roboto tí mo ń lu ihò sí, wọ́n á máa sín in bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ fi iná jó ẹnu okùn ọ̀rá tí wọ́n á fi sín in kó le, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa tú, ọmọ á bínú jù ú nù.

Alápákó:
Ẹ má fi igi masóníà ṣe é o, ìyẹ̀fun ẹ̀ máa ń yún imú àti ara. Pẹ́ǹtì tí ò bá dá yín lójú pé kò ní òjé, ẹ fi í sílẹ̀, sáńpépà nìkan ti tó.

Káfíńtà Ìgbógbó:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo gbẹ́ ọ̀kan tó tínrín lálẹ́ àná, mo gbé e fún ọmọbìnrin mi, ọdún 3 àtààbọ̀ ni. Ó kọ́kọ́ fẹ́ fi ìkúùkù mú un, kò ráyè, ó dúró wò ó, ó yí ọwọ́ padà, ó wá fi ìka 3 gbé e wọ ihò, lẹ́yìn náà ló tún yọ ọ́, tó tún dá a padà, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí oorun fi gbé e lọ. Ìyá Ìbejì, igbá àgbọn yẹn kì í sán tẹ́ ẹ bá ń lu ihò sí i?

Ìyá Ìbejì, Àgbádárìgì:
Ẹ gbé pákó sábẹ́ ẹ̀, ẹnu dírílì tó kéré jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.