Èsì lórí “àwọ̀ ṣíṣá”: kí ni kí a máa pe ìlànà àwọ̀ inú kámẹ́rà dúróònù?

Mo kí gbogbo àgbà àti ọ̀dọ́ tí ó wà nínú ìjíròrò yìí; ẹ kú làákàyè. Àbúrò wa tí ó ń fi dúróònù ya fídíò ní Ògbómọ̀ṣọ́ bi wá léèrè pé kí ni òun yóò máa pe ohun tí a ní láti yàn nínú ètò kámẹ́rà kí a tó tẹ bọ́tìnnì ìgbàsílẹ̀, níbi tí Normal, D-Cinelike, D-Log M àti HLG ti máa ń tò tẹ̀lé ara wọn. Ó ní òun ní àwọn ọmọ iṣẹ́, Yorùbá ni òun sì fẹ́ fi kọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ọ̀yọ́, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, dá a lóhùn pé “ìrísí àwọ̀” ni. Ẹlòmíràn ní kí a fi í sílẹ̀ ní “pròfáìlì”. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan D-Log M gan-an, èyí tí fídíò rẹ̀ máa ń rí bí eérú kí a tó tún un ṣe, “àwọ̀ àkọsílẹ̀”, “àwọ̀ àìrẹ” àti “àwọ̀ ṣíṣá” ni a gbọ́, ó sì jọ pé “àwọ̀ ṣíṣá” ni ọ̀pọ̀ yín fẹ́ kí a mú. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ohun tí kámẹ́rà ṣe sí ìmọ́lẹ̀ nígbà tí ó ń gbà á sílẹ̀ ni ó yẹ kí a fi sọ ọ́ lórúkọ. Bí àwòrán náà ṣe rí lójú ẹni tí ó ń wò ó kọ́.

Ìdí nìyí tí “ìrísí” kò fi tẹ́ mi lọ́rùn. Fídíò kan náà lè ní ìrísí kan lórí fóònù tí ó mọ́lẹ̀ kedere, kí ó ní òmíràn lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ohun tí kámẹ́rà kọ sínú mẹ́mórì kádì kò yí padà. “Pròfáìlì” kò burú nítorí pé ó jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò, nítorí kámẹ́rà, fídíò àti bátìrì ti di tiwa láìsí ìjà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iṣẹ́ yẹn ti mọ pròfáìlì sí fọ́tò tí wọ́n ń fi sójú WhatsApp. “Ìlànà àwọ̀” ni mo fara mọ́ fún gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, nítorí pé òfin ni, òfin tí kámẹ́rà ń tẹ̀ lé nígbà tí ó bá ń sọ ìmọ́lẹ̀ di nọ́ńbà. Kí ẹ jọ̀wọ́ fi àmì àti ohùn sí i nìkan. Ẹni tí ó bá kọ “ilana awo” ránṣẹ́ sí ọmọ iṣẹ́ lórí fóònù lè kó ara rẹ̀ sí wàhálà lọ́dọ̀ bàbá ọmọ náà, tí yóò rò pé wọ́n ti fẹ́ mú ọmọ òun wọ ẹgbẹ́ awo.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí ibi tí ìjà wà. Ẹni tí ó dá “àwọ̀ àkọsílẹ̀” ń rò ó pé “Log” inú orúkọ náà ni ti ìwé tí awakọ̀ òkun tàbí awakọ̀ òfurufú ń kọ ìròyìn ìrìn àjò sí. Kì í ṣe òun. Lọ́gáríìtìmù ni wọ́n gé kúrú, èyí tí àwa tí a lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama kí ẹ̀rọ ìṣirò tó pọ̀ lóde máa ń wá nínú ìwé tábìlì. Ojú kámẹ́rà (sensor) ń ka ìmọ́lẹ̀ bí ó ṣe wọlé: bí ìmọ́lẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, nọ́ńbà tí ó kà náà yóò di ìlọ́po méjì. Bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìtún un pín, ìdajì gbogbo nọ́ńbà tí ó wà ni yóò lọ sórí apá tí ó mọ́lẹ̀ jù lọ nìkan, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò sì kù fún abẹ́ òjìji. Lọ́gáríìtìmù ni ó ń bá wa tún un pín, tí ó fi jẹ́ pé nígbàkúùgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, iye nọ́ńbà tí yóò kàn án kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ sinimá ni wọ́n kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Kodak lò ó nínú ètò Cineon ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí wọ́n ń gbé àwòrán láti orí fíìmù sínú kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, kò sí ohun tí ó kan àkọsílẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ìlànà àwọ̀ ló kúkú ń kọ nǹkan sílẹ̀, Normal pàápàá.

“Àwọ̀ ṣíṣá” ni ó wuni jù lóòótọ́, nítorí pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ wo fídíò D-Log M láìtíì tún un ṣe yóò rí eérú, yóò rí àwòrán tí kò dúdú tí kò sì funfun, ẹnu rẹ̀ yóò sì sọ pé ó ti ṣá. Ṣùgbọ́n kí ni ṣá? Aṣọ tí ó ṣá ti ní àwọ̀ tẹ́lẹ̀, oòrùn tàbí ọṣẹ ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí bí a ṣe lè fọ̀ ọ́ tí àwọ̀ náà yóò padà wá. Àdánù ni ìtumọ̀ rẹ̀ nílé lóko. D-Log M sì rèé, ohun tí ó pamọ́ pọ̀ ju èyí tí Normal pamọ́ lọ. Bí a bá fi orúkọ àdánù sọ ohun tí ó ní àpamọ́ jù, ọmọ iṣẹ́ yóò ṣe ohun tí orúkọ náà kọ́ ọ: yóò máa sá fún un, tàbí kí ó rò pé kámẹ́rà ti bàjẹ́. Ẹ má sì gbàgbé ẹni tí ó ni ìnáwó. Ta ni yóò rí “àwọ̀ ṣíṣá” lórí ìwé owó iṣẹ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ tí yóò sanwó pẹ̀lú inú dídùn?

Kí ó má bàa dà bí ẹni pé orí ìwé nìkan ni mo ti ń jà, mo lọ sí ìsọ̀ oníṣẹ́ fídíò kan nítòsí Tákíẹ́, mo ní kí ó fi ìgbàsílẹ̀ méjì hàn mí, méjèèjì láti òkè agboolé kan náà ní ọ̀sán gangan, ọ̀kan ní Normal, èkejì ní D-Log M. Ilé tuntun kan wà láàárín agboolé náà tí páànù rẹ̀ ń kọ mànà. Àwọn ilé yòókù, páànù wọn ti dípẹtà. Nínú Normal, páànù tuntun náà ti di pátákó funfun kan, ìlà àárín páànù kò sí mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó jókòó sábẹ́ kánópì ti di dúdú, a kò mọ ojú ta ni. Gèlè àlàárì tí àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó wé ti pọ́n kọjá ààlà, ó di pupa kan ṣoṣo tí kò sí ojú híhun lára rẹ̀. A wá ṣí èkejì. Bí ó ṣe wà lójúlówó, kò wu ojú rárá. Àlàárì náà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí sányán. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin náà fi LUT, tábìlì tí ń fi nọ́ńbà àwọ̀ kan rọ́pò òmíràn, èyí tí ilé iṣẹ́ DJI tí ó ni D-Log M ṣe fún un, sí i, tí ó tún fọwọ́ rọ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, ìlà páànù yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú àwọn àgbà abẹ́ kánópì hàn, a sì rí ibi tí òwú kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀ lára gèlè. Ohun tí ó bá ṣá kì í ṣe bẹ́ẹ̀ padà.

“Àwọ̀ àìrẹ” sàn ju ìyẹn lọ. Ẹni tí ó mú un wá tẹ̀ lé ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tí ó tọ́: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ “àì-” lára ọ̀rọ̀-ìṣe “rẹ”, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé ẹyin àìsè. Ó ní bí aṣọ tí aláró kò tíì rẹ ni fídíò náà rí, tí ó ń dúró de àwọ̀. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé aró ń fi ohun tí kò sí tẹ́lẹ̀ kún aṣọ ni, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ gèlè yẹn ti wà nínú ìgbàsílẹ̀ náà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹlòmíràn yóò ní kí a kúkú pè é ní “àwọ̀ tútù”, bí a ti ń sọ pé ẹran tútù. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a fi “tútù” pamọ́ fún RAW, tí ó jẹ́ ohun mìíràn pátápátá: ohun tí ojú kámẹ́rà kà ni RAW ń kó sílẹ̀ kí wọ́n tó sè é di àwòrán, ṣùgbọ́n ní ti D-Log M, wọ́n ti sè é di fídíò. Bí a bá ná “tútù” níbí, kí ni a ó ná lọ́hùn-ún?

Ohun tí mo fẹ́ dábàá ni “àwọ̀ kíká”, láti inú “ká”, bí a ti ń ká ẹní. Ẹní tí a ká pé pérépéré. Kò sí ewé kan tí ó kúrò lára rẹ̀, àyè tí ó gbà ni ó kéré, ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀ ni kò sì hàn. Ohun tí lọ́gáríìtìmù ṣe gan-an nìyẹn: ó ká ìmọ́lẹ̀ tí ó gbòòrò sínú àyè tí kò gbòòrò. Àǹfààní kejì ni pé “ká” ti ní ẹnì kejì rẹ̀ nílé, èyíinì ni “tẹ́”. Iṣẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ fídíò ń ṣe lẹ́yìn ìgbàsílẹ̀, tí wọ́n fi ń dá àwọ̀ padà sí ipò rẹ̀, ni a ó máa pè ní “títẹ́ àwọ̀”, Normal yóò sì jẹ́ “àwọ̀ títẹ́”, nítorí pé kámẹ́rà ti bá wa tẹ́ ẹ kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀, ní ìbámu pẹ̀lú òdiwọ̀n BT.709 tí ITU, àjọ àgbáyé lórí ìbánisọ̀rọ̀, gbé kalẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n ní 1990.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò dìde pé tẹ́ ni a tún ń sọ nípa ẹni tí ìtìjú bá. Bí a bá ní “ó tẹ́ ẹní”, ta ni yóò rò pé ẹní ni ojú tì? Àbọ̀ tí ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe náà ti la ọ̀rọ̀. Àtakò tí ó lágbára díẹ̀ ni ti “kíká” àti “kíkà”, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n “àwọ̀ àìrẹ” kò bọ́ lọ́wọ́ irú rẹ̀, a lè kà á sí àìrẹ̀ tàbí àìrẹ́. Bí a bá ní kí a máa sá fún gbogbo ọ̀rọ̀ tí ohùn nìkan ń yà sọ́tọ̀, a kò ní rí ọ̀rọ̀ lò mọ́.

Orúkọ yìí tún ń ran yíyàn lọ́wọ́, òun ni ìdí tí mo fi ń fara ya lé e lórí. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé kíká ni yóò bi ara rẹ̀ pé ta ni yóò tẹ́ ẹ, nígbà wo ni, àti pé ṣé ohun tí òun ká a sí gbà á. Oníbàárà tí ó fẹ́ fídíò rẹ̀ lórí WhatsApp kí ilẹ̀ tó ṣú kò nílò àwọ̀ kíká. Normal ni kí a fi yà á. Ti àyè náà ṣe kókó ju bí àwọn olùkópa kan ti rò lọ. Kámẹ́rà bíìtì 8 ní ipele 256 péré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọ̀ mẹ́ta tí ó fi ń ṣiṣẹ́. Ti bíìtì 10 ní 1024. Mavic 2 Pro tí ó jáde ní 2018 ti ń kọ irú àwọ̀ yìí ní bíìtì 10, ṣùgbọ́n àwọn dúróònù kan wà tí kò kọjá bíìtì 8. Bí ẹ bá ká àwọ̀ pọ̀ jù sínú bíìtì 8, tí ẹ sì wá ń tẹ́ ẹ, àwọn ipele náà yóò fà ya kúrò lára ara wọn. Àkókò ọyẹ́ ni a máa ń rí i jù ní agbègbè wa: sánmà tí eruku bò, tí ó yẹ kí ó máa yí díẹ̀díẹ̀ láti funfun lókè sí pupa rúsúrúsú lápá ìsàlẹ̀, yóò di abala abala bí ẹni fi rúlà pín in. Lórí irú dúróònù bẹ́ẹ̀, Normal tàbí D-Cinelike ló dára jù. Kí a má sì fi ìmọ́lẹ̀ du àwọ̀ kíká nígbà tí a bá ń gbà á sílẹ̀, nítorí pé ojú kámẹ́rà dúróònù kéré. Bí òjìji bá ṣókùnkùn jù, èérún (noise) tí yóò kún inú rẹ̀ nígbà tí a bá tẹ́ ẹ kò ní ṣe é wò.

Ní ti HLG (Hybrid Log-Gamma), mo rí i pé a ti dábàá “àwọ̀ àmúlùmálà”. Òótọ́ ni pé àdàpọ̀ ni: BBC àti NHK, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Japan, ni wọ́n jọ ṣe é, apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ lé ìlànà tẹlifíṣọ̀n tí ó ti wà, apá òkè rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé lọ́gáríìtìmù. Ṣùgbọ́n àmúlùmálà kò dùn létí; ẹ̀sìn àmúlùmálà àti èdè àmúlùmálà ni a mọ̀ ọ́n mọ́, ẹ̀gàn sì ni méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí HLG máa jẹ́ HLG. Mo ní irú èrò kan náà nípa D-Cinelike, tí ó jẹ́ orúkọ tí ilé iṣẹ́ kan fún ọjà rẹ̀. Oríṣi ni a ń fún ní orúkọ Yorùbá, kì í ṣe ọjà: D-Log ti DJI, S-Log ti Sony, V-Log ti Panasonic àti N-Log ti Nikon, àwọ̀ kíká ni gbogbo wọn.

Ó ku LUT, tí ẹnìkan fẹ́ kí a pè ní “aró”. Aró ní àwọ̀ tirẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, LUT kò sì ní. Tábìlì ni, tí ó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé bí o bá rí nọ́ńbà yìí, fi tọ̀hún rọ́pò rẹ̀. “Àtẹ ìtẹ́wọ̀” wá sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n “ìtẹ́wọ̀” ti sún mọ́ “ìtẹ́wọ́” jù. Èmi yóò fara mọ́ “àtẹ àwọ̀” títí ẹ̀yin àgbà Ọ̀yọ́ yóò fi mú èyí tí ó sàn jù ú lọ wá.